Ìdí Tí Pẹ́ńgúìnì Fi Máa Ń Béèrè Kó Tó Mú Ẹnikẹ́ni Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà láéláé, kí kọ̀ǹpútà tó mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní ìbéèrè, Pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ oníkùn funfun, ni aṣọ́nà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Línúùsì. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn ètò tó ń bá a ṣiṣẹ́, pọ̀: ọ̀kan mọ orin kọ, ọ̀kan mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n inú Àká ńlá kan lọ́nà jíjìn ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Èyí tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà, èèyàn á tẹ orúkọ rẹ̀, Pẹ́ńgúìnì á sì sáré lọ mú un wá. Kì í béèrè nǹkan kan. Nígbà náà, eré rẹ̀ dà bíi ti ẹtu.

Lọ́jọ́ kan, Tísà Fadérera fẹ́ tẹ ìwé ìdánwò fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Agogo kò ní pẹ́ lù. Kọ̀ǹpútà ní òun kò ní Atẹ̀wé. Tísà tẹ orúkọ rẹ̀, Pẹ́ńgúìnì sáré, ó mú un dé.

Atẹ̀wé jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Iṣẹ́ dà?" ni Pẹ́ńgúìnì wí.

"Lẹ́tà tó ń to ábídí fún mi dà?" ni Atẹ̀wé fi dá a lóhùn. "Ṣé o ti rí bíríkìlà tó ń mọlé láìsí lébìrà tó ń po sìmẹ́ǹtì fún un?"

Pẹ́ńgúìnì sáré padà, ó mú Lẹ́tà wá. Lẹ́tà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi Afàlà ńkọ́? Orí ìlà tó bá fà ni mo ń dúró sí. Ṣé kí n ṣubú ni?"

Òógùn ti bo Pẹ́ńgúìnì. Nígbà tó dé Àká lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìbínú pariwo: "Gbogbo ẹbí Atẹ̀wé, ẹ jáde!"

Háà! Ta ni kì í ṣe ẹbí? Àǹtí jáde, àna jáde. Ìyá àgbà tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́wàá gbé àga rẹ̀ dání. Ayò, tí kò mọ̀ ju eré lọ, náà tẹ̀lé wọn.

"Ìwọ, báwo lo ṣe jẹ́ ẹbí Atẹ̀wé?" ni Pẹ́ńgúìnì bi í.

"Àdúgbò kan náà lèmi àti àna ìyá ẹ̀ jọ ń gbé. Yẹra lọ́nà jàre."

Wọ́n kún inú kọ̀ǹpútà fọ́fọ́. Atẹ̀wé kò rí àyè na ọwọ́. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í jó: "Kò sí ìdánwò mọ́ o!"

"Pẹ́ńgúìnì!" ni Tísà kígbe. "Ta ló ní kó o kó odindi ìlú wá bá mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò kúkú sọ pé kí n má kó wọn."

"Ṣé o béèrè ni?"

Tísà lé gbogbo wọn padà. Ó wá fa Pẹ́ńgúìnì létí: "Kó o tó mú ẹnikẹ́ni kúrò ní Àká, bi í léèrè àwọn tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Kọ orúkọ wọn síwájú mi. Sọ bí àyè tí wọ́n máa gbà ṣe tó. Kó o wá bi mí bóyá kó o lọ. Tí mi ò bá tíì dáhùn, dúró síbẹ̀."

Pẹ́ńgúìnì kọ orúkọ mẹ́ta: Atẹ̀wé, Lẹ́tà, Afàlà. "Ṣé kí n lọ, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Àwọn mẹ́ta wọlé, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ijó tó wà lójú fèrèsé dá wáí. Agogo lù.

Láti ọjọ́ náà ni Pẹ́ńgúìnì Línúùsì ti máa ń kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń bọ̀ sílẹ̀, tí á sì béèrè pé, "Ṣé kí n máa lọ? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ìwọ gan-an lo rán an, síbẹ̀ ó máa bi ọ́ bóyá o rán an. Má bínú sí i. Wo bó ṣe ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbàgbé ìrìn ọjọ́ náà.