Onígìtá Tó Pa Ohùn Ọ̀gá Rẹ̀ Rẹ́

Ọkùnrin kan wà tó ń ta gìtá nínú ìjọ kan. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ, láti ìgbà tí kò tíì mọ okùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀gá náà fi ta gìtá nínú ìjọ yìí. Nígbà tí àrùn oríkèé mú ìka rẹ̀ tí kò lè tẹ okùn mọ́, ó pe ọkùnrin náà, ó kó gìtá lé e lọ́wọ́, ó sì gbé pẹ́dà rẹ̀ tì í.

Pẹ́dà yìí jẹ́ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ níwájú onígìtá, tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ojúlé mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀, a sì lè kó odindi ohùn gìtá kan pamọ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan: bó ṣe máa pariwo tó, bó ṣe máa dún padà tó bí ẹni tó pè sínú àpáta, bó ṣe máa há tó, bó ṣe máa ga tó. Tí o bá fẹsẹ̀ tẹ ojúlé kan, kì í ṣe ẹyọ nǹkan kan ló máa yí padà. Gbogbo wọn ló máa yí lẹ́ẹ̀kan náà, kí o tó ṣẹ́jú. Ìdí tí àwọn onígìtá fi ń rà á nìyẹn.

Ojúlé kìn-ín-ní ni ohùn ọ̀gá wà. Odindi àwẹ̀ Lẹ́ntì ọdún kan ló fi tò ó. Ó ń fi etí wá a, ó ń fi kún un, ó ń bù kúrò lára rẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, a ní, "Ó kù díẹ̀." A tún ní, "Ẹ ti kọjá ibẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn." Ọjọ́ tí ohùn náà bọ́ sí i gan-an, obìnrin náà sunkún. Láti ìgbà náà, tí orin bá ti kan ẹsẹ kẹta tí ohùn yẹn sì wọlé, àwọn àgbàlagbà a di ojú wọn.

Ní Ọjọ́rú kan, níbi ìdánrawò, olórí ẹgbẹ́ akọrin dá orin dúró. Ó ní, "Onígìtá, jọ̀ọ́, dín in kù díẹ̀. A ò gbọ́ àwọn obìnrin mọ́."

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Òótọ́ sì ni. Bọ́tìnnì róbótó kan wà lára gìtá fúnra rẹ̀. Ká ní ó yí i sósì díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín yẹn ló gún un. Ó ta gìtá dé òpin, ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ládàpọ̀, ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, wo ọkùnrin yìí bó ṣe ń lọ sílé. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Èmi! Èmi ni wọ́n ń bá wí níwájú èrò! Ọjọ́ wo ni ẹni yẹn dé ìjọ?" Kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, "díẹ̀" ti di ìwọ̀sí, ìwọ̀sí ti di ọ̀tẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a rìn, kò sí ẹni tó ń kì í láyà, òun nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ó gbé pẹ́dà lé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun á fi ojú olórí akọrin gbolẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ṣí ojúlé kìn-ín-ní, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè dé góńgó. Ìyẹn nìkan ìbá tó fún ìjà tó ń wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti yá. Ó yọ ìdúnpadà kúrò. Ó fi híhá kún un títí ó fi ń ké bí ayùn tó kan ìṣó. Ó fà á ga kó lè bo ohùn àwọn obìnrin pátápátá. Ẹ̀rọ náà kọ ìbéèrè sójú ara rẹ̀, ó bi í bóyá kí òun fi tuntun yìí rọ́pò ti àtijọ́. Kò ka ìbéèrè náà tán tó fi tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ojúlé mẹ́tàlélógún ló sì ṣófo níbẹ̀ o! Ta ló ń bínú tó máa fara balẹ̀ wá ibi tó ṣófo? Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ló lò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ẹsẹ kẹta, ó tẹ̀ ẹ́. Orin dàrú. Àwọn obìnrin ṣìnà, ọmọ ọwọ́ kan figbe ta, olórí akọrin dúró gbagidi pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Onígìtá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mọ́ ọn dé eegun. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ìbínú a máa dùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá rẹ̀ kú.

Opó náà ránṣẹ́ pè é. Ó ní, "Ọmọ mi, n ò ní dà ọ́ láàmú. Lọ́jọ́ tí a bá ń sin wọ́n, tí orin bá kan ẹsẹ kẹta, ohùn wọn yẹn ni kí o fi ta á fún mi. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ kí wọ́n tó lọ. Ìyẹn ni n ó gbà bí ìdágbére."

Ọkùnrin náà sáré délé. Ó dín ariwo kù, ó yọ híhá, ó dá ìdúnpadà padà síbẹ̀. Kì í ṣe òun. Ó bù ú, ó fi kún un, ó tún bù ú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kì í ṣe òun. Ó kọ́kọ́ ṣépè fún olórí akọrin. Nígbà tó yá, kò rí ẹni ṣépè fún mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tí etí rẹ̀ lè tọ́ ọ sọ́nà. Opó yẹn ni, ojú sì ń tì í láti lọ bá a.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, orin kan ẹsẹ kẹta. Ó ta á. Obìnrin náà gbé orí sókè, ó tẹ́tí. Ó wá yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "Ta ló ń ta gìtá yẹn?"

Nígbà tí wọ́n jáde, olórí akọrin bá onígìtá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó di èjìká rẹ̀ mú. Ó ní, "Díẹ̀ ni mo ní kí o dín kù."

Má mi orí sí mi, Ládàpọ̀. Àánú onígìtá ń ṣe ọ́, àbí? Ìyàwó rẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkirè láì sọ fún ọ. Ó ṣẹ̀. Ẹjọ́ kan nìyẹn, ó sì yẹ kí o bá a wí lórí ẹjọ́ kan yẹn. Kí lo ṣe? O da ẹrù rẹ̀ síta. O bú ìyá rẹ̀ tó ti wà nínú sàréè. O dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, o ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání, pé kò dá ọ lójú pé ìwọ lo bí wọn. Nítorí ìrìnàjò ọjọ́ kan! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. O wá jókòó síwájú mi nínú ilé mi lónìí, ò ń sọ pé inú ló bí ọ, pé wàá dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Inú ń bí èmi náà, àmọ́ ṣé o rí i tí mo tì ọ́ síta?

Ẹrù á wọlé. Ìyàwó rẹ lè padà, àgbà ni, ó ti mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ obìnrin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí o ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbọ́. Láti ìgbà tó ti ń rákò lo ti ń fi ohùn kan pè é tí o kì í fi í pe ẹlòmíràn. Fi pè é lónìí, kí o wo ojú rẹ̀. Má ṣe bi mí léèrè ohun tí wàá sọ, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ló mọ̀ ọ́n, ó ṣì wà láàyè, òun gan-an sì ni ojú ń tì ọ́ láti lọ bá. Dìde níbẹ̀ yẹn, kí o lọ bá a.