Láfún Orí Òkè Ìgèlè

"Ọyẹ́ bo òkè ni, kò gbé e kúrò." Bí ẹ bá ti gbé Ìlóyìn rí, tàbí tí ẹ bá ti bá ará Ìlóyìn jiyàn rí, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí títí yóò fi sú yín. Àmọ́ ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní ẹnu àwọn ọdẹ ló ti jáde. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ló bí i, àti ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ti rẹ̀ kọjá kó gba ìkìlọ̀.

Ọmọ́niyì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, oníjókòó méjì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wà á. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa rí ilẹ̀, kó máa rí odò, kó sì máa rí òkè. Àmì ti Ọmọ́niyì ni Òkè Ìgèlè, àpáta ràbàtà tó dá dúró ní gúúsù Ìlóyìn. Bó bá ti kọjá rẹ̀ tán ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sí pápá koríko tó wà lẹ́yìn ìlú.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan, wọ́n pè é láti ilé pé Ajíbóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lójú ikú, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló sì ń pè. Ajíbóyè yìí ló fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ sóko kí Ọmọ́niyì lè kàwé. Ọyẹ́ ọdún náà sì le. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọmọ́niyì fi jókòó sí pápá ọkọ̀ létí òkun, tó ń retí kí ojú ọ̀run là. Wọ́n ní kó gba títì, wákàtí méje péré ni. Ó ní ọyẹ́ yóò ká lọ́la. Lójoojúmọ́ ló ń wí bẹ́ẹ̀. Kò sùn, kò sì jẹ ohun tó ṣeé kà sí oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó dìde, ó ní òun ń lọ.

"Ọ̀gá, ẹ wo òpó rédíò ọ̀hún," ni Rájí, ẹni tó ń bójú tó pápá náà, wí. "Ṣé ẹ̀ ń rí orí rẹ̀?"

"N kò rí i," ni Ọmọ́niyì dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa wò ó."

Títì kọ́kọ́ ń hàn nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, eruku gbé e mì. Ọmọ́niyì wá gbójú lé aago. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń fi fò kó tó kọjá Òkè Ìgèlè. Nígbà tó pé, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òkè ti wà lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti wá ilẹ̀. Àárẹ̀ kò jẹ́ kó rántí pé Òkè Ọya ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, pé iwájú rẹ̀ gan-an ló sì ń fẹ́ lù. Aago ń sáré, ọkọ̀ ń rákò.

Ó rí ohun funfun kan níwájú. Ó rò pé ojú ọ̀run ló là, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ó tún un wò. Ohun náà tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n fi òkúta yí i ká, igi oṣè kan sì dúró tì í. Láfún ni. Ní Ìlóyìn, lásìkò ọyẹ́, orí Òkè Ìgèlè nìkan ni àwọn obìnrin ń sá láfún sí, nítorí àpáta ibẹ̀ ń gbóná, ewúrẹ́ kì í sì í débẹ̀. Òkè tó rò pé ó ti wà lẹ́yìn ló dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Ó fa ọkọ̀ sókè, ó yí i, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì padà síbi tó ti wá. Ẹkún ló sun débẹ̀.

Takisí ló wọ̀ lọ sílé. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ajíbóyè ti kú lọ́sàn-án. Àwọn mọ̀lẹ́bí kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: kí ni àǹfààní ọkọ̀ òfuurufú tí kò lè gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kú lọ? Ohun tí Ọmọ́niyì náà ń bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àrínọlá, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nìkan ló rọra ro ohun tójú rẹ̀ rí fún.

Obìnrin náà bi í bóyá igi oṣè wà nítòsí láfún náà. Ọmọ́niyì ní ó wà.

"Láfún mi ni, ọkọ mi," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́rin rèé tó ti gbẹ. Àìsàn ẹ̀gbọ́n yín ni kò jẹ́ kí n gòkè lọ kó o."

Ó wá yíjú sí àwọn mọ̀lẹ́bí. "Òkú kan la ní nílé yìí. Ẹ má bá mi wá èkejì. Ọyẹ́ bo òkè ni, kò gbé e kúrò."

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Ọmọ́niyì fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ kó láfún náà.

Láti ọjọ́ náà, bí ará Ìlóyìn bá rí ẹni tó rò pé ewu ti lọ nítorí pé ojú òun kò rí i mọ́, pàápàá ẹni tí ìdúró ti sú, òwe yìí ni wọn yóò pa fún un. Àgbà tó bá pa á fún ọ kò ní kí o má lọ o. Ó ń sọ fún ọ pé àwọn tó ń dúró dè ọ́ nílé lè fara da kí o pẹ́.