Bí Ọ̀bọ Ṣe Fi Oríkì Àparò Ṣílẹ̀kùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ẹni tó bá jẹun yó nílé yìí kò gbọdọ̀ dáhùn bí ẹni tébi ń pa. Fọlárìn, da ojú fóònù yẹn délẹ̀. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àparò, ó bà lé Ọ̀bọ, ó bà lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹranko ń lò ní ìlú Ìdí-Àràbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ta ló sọ fún yín pé ẹranko kì í lo kọ̀ǹpútà? Nígbà náà, wọ́n ń lò ó. Gbọ̀ngàn Erin, ọba wọn, ni wọ́n gbé e sí, Òòrẹ̀ sì ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Òòrẹ̀ pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, ó fún oníkálukú ní tirẹ̀. Ohun tí o bá kọ sínú yàrá rẹ, ìwọ nìkan lo máa rí i. Yàrá náà kò ní kọ́kọ́rọ́ onírin o, ọ̀rọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ yàn, ilẹ̀kùn á ṣí gbàgà. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn, kọ̀ǹpútà á ní, "Ìwọ kọ́."

Òòrẹ̀ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo lèèyàn máa yàn tí kò ní gbàgbé? Àparò ronú títí, ó wá rántí oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kí i láràárọ̀ tó bá ti kúnlẹ̀: Àwẹ̀ró. Ta ló máa ń gbàgbé oríkì ara rẹ̀? Ó tẹ Àwẹ̀ró, ó gba ilé lọ, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Kí ni Àparò tọ́jú síbẹ̀? Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àparò ń yé ẹyin sí, láàárín koríko. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n jẹ gbogbo ẹyin rẹ̀, kò rí ọmọ kan ṣoṣo pa. Lọ́dún yìí ó wá ibi kọ́lọ́fín kan yé sí, ó sì kọ ọ̀nà ibẹ̀ sínú yàrá rẹ̀, nítorí pé ọkọ rẹ̀ a máa ṣìnà bí koríko bá ti ga. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àparò ti sọ nínú ara rẹ̀ pé bí èyí náà bá ṣòfò, òun kò ní yé mọ́ láé.

Ìgbà tó yá, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ó lọ jẹ̀, ó dé, ọ̀kan ti lọ. Ó tún lọ, ó tún dé, òmíràn ti lọ. Àparò kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ta ló tún mọ ibẹ̀ bí kò ṣe ìwọ?" Ó dun ọkọ rẹ̀ wọra, ó kọ̀, kò jẹun. Ilé tó tutù tẹ́lẹ̀ wá gbóná janjan. Ni Àparò bá sunkún lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pàrọwà fún un, ó ní kó má sunkún mọ́, ó ṣáà ní ọ̀rẹ́ tó dára. Ó ní, "Wo Ọ̀bọ, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi láàárọ̀ ìjelòó, ó ní kí n kọ́ òun ní oríkì rẹ, kí òun lè máa fi yẹ́ ọ sí. Mo kì ọ́ fún un títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí."

Omijé Àparò gbẹ lójú ẹsẹ̀. Fùú, ó ta sí gbọ̀ngàn ọba. Ó fara pa mọ́ sẹ́yìn òpó, ó yọjú. Ọ̀bọ ló jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn, tó ń fi ìka tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́, tó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́":

Ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn, dá mi lóhùn o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Èmi Àwẹ̀ró ni mo dé o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Ìyá mi kì mí, orí mi wú o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Ṣí, kí n wo ohun tí mo tọ́jú o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ọ̀bọ kà á, ó lá ètè, ó bẹ́ gìjà, ó di inú koríko.

Àparò sáré bá Òòrẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí Bàbá Òòrẹ̀ jọ̀ọ́, kí ó ṣí yàrá Ọ̀bọ fún òun, kí òun náà tú tirẹ̀ wò. Òòrẹ̀ mi orí.

Ó ní, "Àparò, ilé ni mò ń ṣọ́, n kì í wọ yàrá. Bí mo bá ṣí ti Ọ̀bọ fún ọ lónìí, ta ni mo máa ṣí tìrẹ fún lọ́la? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ lè sọ fún ẹnikẹ́ni lo fi ti ilẹ̀kùn."

Òòrẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ bí yóò ṣe pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Àparò ní kí ó jẹ́ kó di ọ̀la. Ó lọ kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ọkọ rẹ̀ sì yọ́nú. Àwọn méjèèjì kó ẹyin tó kù lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà Àparò já yèrèpè, ó fi ewé kókò dì í kó má bàa kan òun, ó lọ gbọ̀n ọ́n sínú ihò kan nídìí ọ̀gán, ó da ewé gbígbẹ bò ó. Ó wá padà sínú yàrá rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo ti kó ẹyin lọ sínú ihò ìdí ọ̀gán. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o kì bọ̀ ọ́, kí o sì tú u dáadáa."

Ilẹ̀ mọ́, Ọ̀bọ tún dé. Ẹ gbè é o:

Ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn, dá mi lóhùn o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Èmi Àwẹ̀ró ni mo dé o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*

Ó kà á, ó di ìdí ọ̀gán. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ihò, ó tú u, ó tú u. Kò sẹ́yin. Ó nu òógùn ojú, ó fọwọ́ pa ikùn. Áà! Ó họ ìhà, kàrà kàrà. Ó họ ẹ̀yìn, kùrù kùrù. Ó yí gbiri nílẹ̀, ó dìde, ó tún họ. Inú bí i débi pé ó gbàgbé pé olè ni òun. Ó sáré lọ sí gbọ̀ngàn, níbi tí gbogbo ìlú pé sí, ó ní òun wá fẹjọ́ Àparò sùn.

"Kábíyèsí, òpùrọ́ ni Àparò. Ó ní inú ihò ni ẹyin wà, yèrèpè ni mo bá níbẹ̀."

Erin bi í pé, "Ó sọ fún ọ?"

"Kò sọ ọ́, ó kọ ọ́ ni."

"Níbo ló kọ ọ́ sí?"

Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbàgbé àti họra pàápàá. Ni Àparò bá bọ́ síwájú, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ bá mi bi í ọ̀nà tó gbà wọ yàrá mi."

Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Erin pàṣẹ pé Ọ̀bọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́, kí ó sì gorí igi lọ máa gbé, níbi tí kò ti ní rí ẹyin àparò. Orí igi náà ló wà títí dòní, ó ṣì ń họra.

Erin wá béèrè ta ló tún fi oríkì ti ilẹ̀kùn. Ẹtu wo ilẹ̀, Ìgbín fà wọnú ìkarahun. Ọba fúnra rẹ̀ wá wúkọ́, ó ní, "Èmi náà… Àjànàkú ni mo tẹ̀." Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gbogbo ọfà ara rẹ̀ fi ń mì. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlú tò sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, tí ẹni tó wà lẹ́yìn sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó wà níwájú.

Àparò pa ọmọ, wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń tọ ìyá wọn lẹ́yìn nínú koríko. Inú rẹ̀ dùn, inú ọkọ rẹ̀ náà dùn.

Ẹ fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ tuntun tó yàn, àbí? N ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń pa àlọ́ gan-an, n ò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí àlọ́ mi fẹ̀yìn lélẹ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ètè mi méjèèjì lẹ̀ pọ̀. Ẹ gbọ́: pọ́, pọ́, pọ́. Wọn kò lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí a má ṣe fi ohun tí ẹlòmíràn lè mọ̀ nípa wa ti ilẹ̀kùn àṣírí wa. Ohun tí ẹnìkejì bá sì tọ́jú sí yàrá rẹ̀, bí a tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣí i, tirẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa.