Àwẹ̀ró àti Ohùn Inú Àpáta

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tí òtútù bá ń mú, kó wá sí ẹ̀gbẹ́ iná. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó fara ti ẹnìkejì rẹ̀. Ààlọ̀ tòní kò ní ẹ̀rín púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní orin, ẹ ó sì bá mi gbè é. Bí mo bá ti dá orin náà, ẹ̀yin yóò wí pé, "Mo wà níhìn-ín." Ẹ má pariwo. Ẹ ṣe é bí ẹni tó wà lókèèrè.

Ààlọ̀ mi dá lórí Àwẹ̀ró, ìyá ọlọ́mọ méjì, àti àpáta kan tó wà nínú igbó ìlú rẹ̀.

Ní ìlú Àwẹ̀ró, àwọn ènìyàn kì í jẹ́ kí ìgbà yí padà láìjẹ́ pé wọ́n lọ pàdé rẹ̀. Bí òjò bá dé, ilé kọ̀ọ̀kan á jáde lọ sínú igbó lọ wo ohun tí òjò mú wá. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á jáde. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ilẹ̀ gbóná tí ewé gbẹ, wọ́n á jáde. Kì í ṣe iṣẹ́ oko ni wọ́n ń bá lọ. Wọ́n kàn ń lọ gba afẹ́fẹ́ ni, kí wọ́n fi ojú rí i, kí wọ́n fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n sì ká ìwọ̀nba ohun tí wọ́n lè jẹ bọ̀ wálé.

Wọ́n ní àṣà kan. Ọ̀nà igbó náà tóóró, ènìyàn kan ló gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó bá jẹ́ àkọ́bí nínú ilé ni í ṣíwájú, igi wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa fi gbọn ìrì orí koríko dànù. Ìyá á tẹ̀ lé e. Àwọn àbúrò á wà lẹ́yìn ìyá. Àyè àkọ́bí ni iwájú, ẹnikẹ́ni kì í gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Obìnrin ni ọmọ Àwẹ̀ró méjèèjì. Àkọ́bí ń jẹ́ Àrínpé, àbúrò ń jẹ́ Ìbíwùmí. Àrínpé ló máa ń ṣíwájú. Ọmọ náà lẹ́nu! Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ àpáta ńlá tó wà ní òdìkejì odò, á ké gbàà, àpáta á sì ké gbàà padà.

"Ìyá mi, ẹ gbọ́ o, ó tún ń sín mi jẹ!"

Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín, á ní, "Gbohùngbohùn ni. Ohùn rẹ náà ni àpáta ń dá padà fún ọ."

Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn kan, ibà mú Àrínpé. Wọ́n wá ewé, wọ́n wá egbò. Ibà kò lọ. Àrínpé ló lọ.

Àwẹ̀ró kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń dáná, ó ń kí ará ilé. Àwọn ènìyàn ṣì ń pè é ní Ìyá Àrínpé, nítorí orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe ìyá níbẹ̀. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, kó tó dáhùn.

Òjò dé. Ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀, olú sì hù. Àwọn ará ìlú ń jáde. Àwẹ̀ró náà gbé agbọ̀n. Ìbíwùmí sáré mú igi wẹ́wẹ́, ó bọ́ síwájú.

"Padà sẹ́yìn," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ìyá mi, ta ni yóò wá gbọn ìrì?"

"Mo ní kí o padà sẹ́yìn. Àyè ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn."

Ìbíwùmí bọ́ sẹ́yìn. Iwájú ṣófo. Ìrì rin ìró Àwẹ̀ró gbindingbindin, kò tilẹ̀ mọ̀.

Wọ́n sọdá odò, wọ́n dé ẹsẹ̀ àpáta. Olú funfun báláú níbi tí igi ti jẹrà sí. Àwẹ̀ró kò bẹ̀rẹ̀ ká a. Ó gbójú sókè, ó kọrin:

Àrínpé o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*
Òjò ti dé o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*
Olú ti hù o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*
Wá bá mi ká a, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*

Ẹ̀yin ọmọ, àpáta ni. Àwẹ̀ró mọ̀ pé àpáta ni. Ṣé òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló sọ fún Àrínpé? Ṣùgbọ́n bí ohùn náà ṣe ti inú òkúta jáde wá, tó rọ̀, tó jìn, tó ní, "Mo wà níhìn-ín," ohun tó mọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó sọ agbọ̀n sílẹ̀, ó ń gun òkè lọ.

Ìbíwùmí ń tẹ̀ lé e kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. "Ìyá mi, ẹ dúró dè mí. Èmi náà wà níhìn-ín."

Àwẹ̀ró kò gbọ́.

Ìgbín wà lára àpáta. Ó yọ ìwo rẹ̀ síta, ó ní, "Ìyá Àrínpé, ẹ kú ìrọ́jú. Níbo lẹ ń sáré lọ?"

"Ọmọ mi ló ń dá mi lóhùn."

"Ara àpáta yìí ni wọ́n bí mi sí. N kò rí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Èyí tí mo rí wà lẹ́yìn yín, ẹ̀gún sì ti gún un lẹ́sẹ̀."

"Ìwọ tí o ń fi àyà wọ́, kí lo mọ̀ nípa ìrìn?"

"N kò mọ púpọ̀," ni Ìgbín wí. "Àmọ́ n kò yára débi tí màá fi ẹnìkan sílẹ̀ lọ́nà." Ó sì fa orí wọlé.

Òjò tún ṣú. Wọ́n padà sílé, olú kankan kò sí nínú agbọ̀n. Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ló yọ ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ètè ń là, ewé ń já wìrìwìrì. Àgbálùmọ̀ pọ́n nínú igbó, ó ń já bọ́ gbì, gbì, gbì. Àwọn ará ìlú ń jáde. Àwẹ̀ró náà gbé agbọ̀n.

"Ìyá mi, koríko gbẹ lónìí," ni Ìbíwùmí wí. "Kò sí ìrì tí ẹnìkan máa gbọn. Ṣé mo lè ṣíwájú?"

"Àyè ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Wọ́n dé ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́bàá àpáta. Ìbíwùmí ṣa èyí tó já bọ́, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ tàn. "Ìyá mi, ẹ gba èyí. Kò kan rárá. Oyin ni."

"Fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ọmọ náà wo àgbálùmọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀. Àwẹ̀ró sì gbójú sókè:

Àrínpé o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*
Ọyẹ́ ti dé o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*
Àgbálùmọ̀ pọ́n o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*

Ó tún ń gun òkè lọ, ó kọjá ibi tó dé nígbà òjò. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ́ láti orí ẹ̀ka kan sí èkejì, ó ní, "Háà! Àwẹ̀ró ọ̀rẹ́ òkúta! O tún dé?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́, má fi mí ṣẹlẹ́yà."

"N kò fi ọ́ ṣẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Dákẹ́ díẹ̀, kí o wò ó bóyá yóò pè ọ́."

Àwẹ̀ró mi orí. "Bí mo bá dákẹ́, á rò pé mo ti lọ."

"Ó dáa. Èyí tó wà ní ìdí igi ńkọ́? Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí ẹ ti dé. Kò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́."

Àwẹ̀ró ti kọjá lọ kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn mú. Oòrùn ń jó ni bí iná, odò gbẹ, ó ku òkúta àti iyanrìn. Awin ti dúdú lórí igi, àwọn ọmọ ìlú ń fi í pa ẹnu dà. Àwẹ̀ró tún gbé agbọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìbíwùmí kò bèèrè ohunkóhun. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó jìnnà sí ìyá rẹ̀.

Wọ́n dé inú odò gbígbẹ. Àkàn yọjú láti inú ihò rẹ̀ lábẹ́ òkúta.

"Ìyá Àrínpé, ẹ yára kúrò nínú odò o. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ lókè ọ̀hún. Ihò mi ti ń tutù. Ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi ná."

"Èwo nínú wọn?" ni Àkàn wí.

Àwẹ̀ró kọjá lára rẹ̀. Ó gun bèbè odò, ó kọjú sí àpáta, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀run ṣókùnkùn. Atẹ́gùn dé, fììì! Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, pó, pó, pó, lẹ́yìn náà, ó tú, wàà!

Àrínpé o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*
Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ o, mo wà níhìn-ín.
*Mo wà níhìn-ín.*

Omi dé láti òkè, hùùù, pẹ̀lú igi àti ẹrẹ̀. Ìbíwùmí kò tíì sọdá. Ó gun òkúta kan láàárín odò, omi yí i ká. Ó ń ké, "Mo wà níhìn-ín! Ìyá mi, mo wà níhìn-ín!"

Ohùn kan ń bọ̀ níwájú Àwẹ̀ró, ohùn kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohùn kan náà ni wọ́n jọ létí rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ti iwájú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé ọ̀kan. Ó tún fẹ́ kọrin, ṣùgbọ́n òjò lù ú lẹ́nu, ikọ́ gbé e, èémí rẹ̀ tán.

Àwẹ̀ró dákẹ́.

Àpáta dákẹ́.

Ó dúró, ó tẹ́tí. Ó dúró títí. Àpáta kò pè é. Láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, láti ìgbà ọyẹ́ dé ọjọ́ òní, àpáta kò fìgbà kan pè é kí òun tó pè.

Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀yìn kò dákẹ́. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ.

*Mo wà níhìn-ín.*
*Mo wà níhìn-ín.*
*Mo wà níhìn-ín.*

Àwẹ̀ró wo àpáta náà. "Àrínpé," ó pè é jẹ́jẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú orin. Ohùn rẹ̀ kò tó ohun tí òkúta lè dá padà. Ó wá yí ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yin ọmọ, orí ènìyàn kò wúwo, ṣùgbọ́n títí Àwẹ̀ró fi dàgbà darúgbó, ó máa ń sọ pé òun kò gbé ohun tó wúwo tó orí òun ní ọjọ́ náà rí.

Ó sáré wọ odò. Omi dé ìbàdí rẹ̀, omi dé àyà rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbá ọwọ́ Ìbíwùmí mú ṣinṣin. Bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kúrò lórí òkúta ọ̀hún ni omi bo òkúta náà mọ́lẹ̀. Wọ́n rá, wọ́n wọ́, wọ́n dé bèbè.

Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹkún tí Àwẹ̀ró kò sun láti ọjọ́ yìí wá, ó sun ún níbẹ̀. Ìbíwùmí ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ ti pe ẹ̀gbọ́n mi tán?"

"Mo ti pè é tán."

"Kò wá?"

"Kò lè wá."

Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí Àwẹ̀ró bá pe Ìbíwùmí láti inú ilé, kò ní dáhùn. Àwẹ̀ró kò bá a wí. Á dìde, á lọ bá a níbi tó wà, á jókòó tì í.

Òjò tún dé, olú tún hù. Àwẹ̀ró ní kí ọmọ náà ṣíwájú. Ó kọ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ìyá òun ni òun máa rìn. Ọ̀nà kò gbà wọ́n, koríko ń gé wọn lẹ́sẹ̀, ìrì rin àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ká olú, Ìbíwùmí gbójú sókè.

"Ìyá mi, ṣé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn olú?"

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí olú tó fẹ́ ká. "Rárá o. Ó ní òórùn ẹsẹ̀ bàbá yín ló ń run."

Ìbíwùmí bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, omijé ló gbà á lẹ́nu wọn. Ìbíwùmí nu ojú, ó ní, "Ẹ tún sọ òmíràn nípa rẹ̀." Àwẹ̀ró sì ń sọ ọ́, wọ́n sì ń ká olú, títí agbọ̀n fi kún.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ààlọ̀ yìí fi kọ́ wa ni pé ẹni tó lọ kì í kúrò lọ́kàn, kò sì burú pé ká máa rántí rẹ̀ nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹni tó wà láàyè sílẹ̀ lẹ́yìn nítorí rẹ̀. Ẹ sì máa dákẹ́ nígbà mìíràn, kí ẹ lè gbọ́ ẹni tó ń pè yín.

Ibí ni mo sọ ẹrù ààlọ̀ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àpáta má dá mi lóhùn lọ́la.