Ọmọ Màlúù Tí Kì Í Ké

Àwẹ̀ró, ìyàwó Láwuyì, kì í pariwo. Bí ó bá ń bọ̀ láti odò, ìkòkò orí rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, ẹ ò ní gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ tí kò tó fún un, á ní ó tó. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ pátápátá, á wá ẹ̀kọ tútù jẹ, á sì lọ sùn. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ìwà yìí púpọ̀, nítorí àwọn fúnra wọn kò mọ bí a ti ń dákẹ́. Ní agboolé wọn ní Ìdí-Àyin, bí ẹni méjì bá ń kí ara wọn, ẹni tó ń kọjá lọ sóko á rò pé ìjà ni. Nítorí náà, ṣe ni wọ́n ń fi Àwẹ̀ró yangàn fún àlejò: "Ẹ wo ìyàwó wa! Bí ẹ bá gún un lábẹ́rẹ́, kò ní ké." Èmi kì í fi gbogbo ara gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìdákẹ́ ẹlòmíràn bá ń ṣe láǹfààní ni í máa ń yìn ín.

Màlúù ni ìdílé náà ń sìn, àwọn màlúù kúkurú tí kò níké lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin á dà wọ́n lọ sí pápá, àwọn obìnrin á sì máa fún wàrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láwuyì mọ ẹran tọ́jú, ó sì mọ ìyàwó rẹ̀ tọ́jú. Òun nìkan ni í máa ń wo ojú Àwẹ̀ró kó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ó bá ní oúnjẹ tó òun, Láwuyì á wo abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì bu kún un.

Ìgbà òjò ni ibà gbé Láwuyì dálẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ó fi kú. Bánkọ́lé, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí fún un, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé ni. Àwẹ̀ró ṣọ̀fọ̀ bí àṣà ti wí. Ó sunkún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n sínú ni. Àwọn ará ilé ní, "Ọkàn obìnrin yìí mà le o." Ọkàn rẹ̀ kò le. Ohùn ni kò jáde.

Ní ayé ìgbà náà, bí opó bá jáde nínú ọ̀fọ̀, ẹbí ọkọ rẹ̀ a máa ṣú u lópó, ìyẹn ni pé wọ́n á fà á lé ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé lọ́wọ́ kí ó fi ṣaya. Wọn kò kà á sí ìkà. Wọ́n ní ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ di aláìnílé. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìdí-Àyin ni pé ọkùnrin náà á gbé orín kan kalẹ̀ níwájú opó lójú gbogbo ẹbí. Bí obìnrin náà bá ti mú orín náà, ọ̀rọ̀ parí. Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀gbọ́n Láwuyì, ni gbogbo wọn fojú sí lára. Ènìyàn dáadáa ni, ó láápọn, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa jí àwọn ẹran lójú oorun. Ó ti ní ìyàwó méjì, wọn kò sì ráhùn.

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò fẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Kò fẹ́ ọkọ kankan. Ó ṣì fẹ́ràn Láwuyì, ìfẹ́ náà kò tíì tán nínú rẹ̀, ohun tó sì wù ú ni kí ó máa gbé inú yàrá tí àwọn méjèèjì jọ gbé, kí ó tọ́ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń retí kí ẹnì kan bi í léèrè. Kò sẹ́ni tó bi í, nítorí gbogbo wọn gbà pé bí nǹkan kan bá ń dun ènìyàn, yóò pariwo, bí àwọn náà ti máa ń ṣe.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àrùn kan wọ inú agbo ẹran wọn. Ó pa abo màlúù mẹ́ta tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ wọn sì di aláìníyàá. Baálé ilé ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ màlúù náà fún Àwẹ̀ró. "Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀," ni ó wí. "Òun ló lè tọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Kò tíì sí ìgò onírọ́bà nígbà náà. Akèrègbè ọlọ́rùn gígùn ni Àwẹ̀ró lò. Ó mú awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti fi òrí pa títí tó fi rọ̀, ó fi wé ẹnu akèrègbè, ó so ó le, ó sì fi abẹ́rẹ́ dá ihò kékeré sí i, kí wàrà má baà ya lu ọmọ ẹran lọ́fun kó pá a lórí. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn ọmọ màlúù náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti ìka bọ wàrà, ó fi sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n ń fa ìka náà lọ́wọ́, ó rọra fi akèrègbè rọ́pò rẹ̀. Ó ń gbé àgbọ̀n wọn sókè bí wọ́n ti ń mu, nítorí ọmọ màlúù kì í tẹrí ba kó tó mu ọmú ìyá rẹ̀. Láìpẹ́, bí wọ́n bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, wọ́n á máa sáré bọ̀.

Ó sọ wọ́n lórúkọ. Ẹlẹ́nu ni èyí àkọ́kọ́, nítorí igbe rẹ̀ ń dé odò. Èkejì ni Fún-mi-n-mu, tó máa ń kan Àwẹ̀ró nídìí bí wàrà bá pẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ pupa rúsúrúsú, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kàn ń wo ènìyàn. Pẹ̀lẹ́ ni ó pè é. Òun ni Àwẹ̀ró fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí ó ti ń fún wọn ní wàrà rèé: èyí tó bá ké ló ń kọ́kọ́ fún, kí igbe rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ẹlẹ́nu á mu, Fún-mi-n-mu á mu, Pẹ̀lẹ́ á mu èyí tó kù. Nígbà tí wàrà pọ̀, èyí tó kù ń tó o. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ mú koríko gbẹ, wàrà inú agbo sì ń dín kù. Àwọn aláriwo méjèèjì túbọ̀ ń ké, Àwẹ̀ró sì túbọ̀ ń sáré sí wọn. Nígbà mìíràn, bí ó bá fi máa kan Pẹ̀lẹ́, ìfófòó ló kù nínú akèrègbè. Pẹ̀lẹ́ á fa ìfófòó náà, á padà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, á sì dùbúlẹ̀. Àwẹ̀ró á fọwọ́ pa á lórí. "Ìwọ lo mọ̀wà hù," ni yóò wí. "O ti yó, àbí? Kì í ṣe bíi ti àwọn alájẹkì wọ̀nyí." Irun ara ẹran a máa dìde nínú ọyẹ́, kì í jẹ́ kí ojú rí bí egungun ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ku ọ̀la kí ẹbí pé jọ láti ṣú u lópó, Àwẹ̀ró wọ inú ọgbà láàárọ̀. Àwọn méjì sáré pàdé rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ kò dìde. Àwẹ̀ró fún àwọn méjèèjì ní tiwọn, ó wá lọ gbé e dìde. Nígbà tí ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Kò sí ẹran lára rẹ̀ mọ́, egungun ìhà rẹ̀ ni ọwọ́ ń kà. Ó sáré lọ fún wàrà mìíràn, ó gbé orí ọmọ màlúù náà lé itan, ó sì fi akèrègbè sí i lẹ́nu. Pẹ̀lẹ́ fà á díẹ̀, ó sinmi, ó tún fà á díẹ̀. Lẹ́yìn náà kò fà á mọ́. Wàrà ń kán sílẹ̀ láti etí ẹnu rẹ̀.

Igbe tí Àwẹ̀ró ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní pápá gbọ́ ọ. Gbogbo ilé rọ́ dé. Wọ́n rò pé ejò ló bù ú jẹ. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ màlúù ni, ẹnu yà wọ́n. Ìyáalé, ìyàwó àgbà ilé náà, jókòó tì í nínú ìgbẹ́ ẹran.

"Ìyàwó mi, màlúù kú, ènìyàn ò kú. Kí ló dé tí o ń sunkún báyìí?"

"Ìyáalé mi, kò ké," ni Àwẹ̀ró wí. "Kò ké rárá. Mo rò pé ó ti yó ni."

Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ti ń gòkè, ẹbí pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ láàárín, ó tẹrí ba. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìṣe wọn. Àwọn kan ń sọ bí Ọdẹ́jìnmí ti ṣe dáadáa sí, àwọn kan ń sọ irú ẹran tí wọn yóò pa. Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbé orín kalẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró, ó sì padà lọ jókòó. Ariwo rọlẹ̀.

Àwẹ̀ró kò na ọwọ́. Wọ́n dúró. Kò na ọwọ́ síbẹ̀.

Ìyáalé rẹ́rìn-ín. "Ojú ló ń ti ìyàwó mi. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá a mú un." Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí orín náà.

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyáalé mi, ẹ má mú un."

Ọwọ́ ìyáalé dúró sójú kan. Ojú Baálé kò ríran mọ́ dáadáa, ohùn ni ó fi ń dá àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀. Ó gbé etí sókè.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Ìyàwó Láwuyì ni, Bàbá," ni ìyáalé dáhùn.

"Èyí tó ń gbé ẹ̀kọ wá fún mi láràárọ̀?"

"Òun ni, Bàbá."

Ó dun Baálé pé òun kò mọ ohùn náà. "Máa wí, ọmọ mi," ni ó sọ.

Àwẹ̀ró gbé orí sókè. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ màlúù kan kú lọ́wọ́ mi lánàá."

"Kí ló kan màlúù nínú èyí?" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀!" ni Baálé jágbe.

"Èmi ni mo pa á, Bàbá. Mi ò nà án, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń ké, òun ò ké, ni mo bá rò pé ó ti yó. Bí mo ṣe ń yìn ín nìyẹn tí ebi fi pa á kú. Ẹ̀yin náà ò fìyà jẹ mí rí nínú ilé yìí. Ẹ fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò pé mo ti yó ni. Mi ò yó, Bàbá. Láwuyì ni ọkọ mi, ó ti lọ, mi ò sì fẹ́ òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé inú yàrá rẹ̀, kí n tọ́ ọmọ rẹ̀, kí n máa bá yín tọ́jú ẹran. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹ ṣú mi fún ẹnì kan, ẹ ṣú mi fún Bánkọ́lé."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rí. Ìyáalé ti bo ojú, ó ń sunkún.

Ọdẹ́jìnmí ló kọ́kọ́ lanu, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Ìyá Bánkọ́lé, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí o, ọkọ mi."

"Kí ló wá dé tí o ò ti sọ láti ọjọ́ yìí? Mo ti tún yàrá ṣe sílẹ̀ dè ọ́!"

"Ẹ ò bi mí. Èmi náà ò sì sọ. Gbogbo wa la jọ jẹ̀bi rẹ̀."

Ó dun Ọdẹ́jìnmí, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú orín rẹ̀, ó wò ó. "Orín gidi nìyí," ni ó wí, "kò yẹ kó ṣòfò." Ó tì í bọ ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Àwẹ̀ró pàápàá rẹ́rìn-ín nínú omijé rẹ̀.

"Orín ti kúrò nílẹ̀," ni Baálé wí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé òmíràn síbẹ̀." Ó ní kí Àwẹ̀ró sún mọ́ òun, ó sì tá ọwọ́ títí tí ó fi kan orí rẹ̀. "À bá pa ọ́, ọmọ mi," ni ó wí. "À bá pa ọ́, à bá sì máa yìn ọ́."

Àwẹ̀ró kò di aláròyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó bá dùn ún, á sọ ọ́. Ní agboolé wọn, bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀dùn pamọ́ sínú, tó ń retí kí ará ilé fúnra wọn mọ̀ ọ́n, wọ́n á sọ ìtàn Pẹ̀lẹ́ fún un, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ kan kádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde ní Ìdí-Àyin, ó kárí gbogbo ilẹ̀ wa, àwọn àgbà sì ń pa á lówe títí di òní pé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.