Omi Tí Àyìnkẹ́ Sọ̀ Sẹ́yìn

Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Bàbá Àyìnkẹ́ ń to òkúta etí títì láìta okùn tí wọ́n fi ń mú kí ìlà tọ́. "Ojú mi yìí, okùn ni!"

Àyìnkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń pọnmi fáwọn òṣìṣẹ́, rí i látẹ̀yìn pé ìlà ti wọ́. Bí ọ̀gá bá dé, yóò ní kí wọ́n hú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní jẹ́ wí fún bàbá ẹ̀ lójú àwùjọ?

Ó sọ kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ wá mumi."

"O ò lè gbé e wá, ọ̀lẹ?"

Bàbá rìn lọ bá a, ó gbé ife sẹ́nu, ó wo ìlà òkúta náà láti ẹ̀yìn, omi pá a lórí. "Yéè! Ṣé ejò ni mo tò sílẹ̀ yìí?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Ẹ̀rín pa bàbá, ó ní kí wọ́n mú okùn wá. Látìgbà náà, bí Àyìnkẹ́ bá ti sọ omi kalẹ̀ lẹ́yìn, kíá ni òùngbẹ á máa gbẹ bàbá rẹ̀.