Òkété, Àká Ẹ̀pà àti Ohùn Ìyá Erin

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo yọ ará ilé òun sílẹ̀. Erin wà níbẹ̀, òun ni ó ni àgbàlá. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín. Ìkookò wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò pè é. Ìyá Àdàbà wà lórí ẹ̀ka ọsàn. Ìrẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kankan kò rí i. Òkété náà wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀pà ni ó sì ṣe wá.

Ẹ̀pà ọ̀hún kún àká Erin dé òrùlé. Erin ti kéde fún gbogbo igbó pé: "Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohùn kan wà tí ìyá mi fi máa ń pè mí wálé. Á bẹ̀rẹ̀ lókè, á wá tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹ̀ka tí ẹyẹ bà lé. Láti ìgbà tí ó ti kú, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tí ó bá fi dùùrù ẹnu yìí mú un jáde gẹ́lẹ́, àká ẹ̀pà di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ohùn ìyá mi tàn mí, ìgbẹ́ mi ni yóò máa kó."

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ìgbẹ́ erin rí, ẹ dúpẹ́.

Dùùrù ẹnu náà, irin pẹlẹbẹ oníhò ni, ọdẹ kan ni ó gbàgbé rẹ̀ sídìí ìrókò. Bí a bá fẹ́ èémí sí i, yóò dún. Bí a bá fa èémí nínú rẹ̀, yóò dún lọ́tọ̀. Òkété yá a, ó gbé e tọ Ìyá Àdàbà lọ, nítorí àgbà náà bá ìyá Erin láyé, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ti í tẹ ohùn jù ú lọ.

"Màmá, ẹ kọ́ mi."

Ìyá Àdàbà kọ́kọ́ fi ọ̀fun ara rẹ̀ kọ ohùn náà fún un. Ó ní, "Fà á, má fẹ́ ẹ. Fa ahọ́n rẹ sẹ́yìn, kí o la ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni tí ó fẹ́ gbé òkèlè ńlá mì. Ohùn yóò tẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ jù, ìyá Erin kọ́ nìyẹn. Bí kò bá tẹ̀ tó, aládùúgbò rẹ̀ nìyẹn."

Òkété fà á. Ohùn náà dúró gbọnrangandan bí igi ọ̀pẹ.

"Kí ni ó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni, Màmá."

"Ó wú tó báyìí?"

"Bí ìdílé wa ṣe rí nìyẹn."

Ekùrọ́ ni. Òtítọ́ ni pé gbogbo ìdílé Òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ti eléyìí kò tíì ṣófo láti ọjọ́ tí a ti bí i.

"Tu ú dànù, kí ahọ́n rí ibi sún sí," ni Ìyá Àdàbà wí.

Òkété wo ilẹ̀, ó wo àwọn èèrà tí ó wà nílẹ̀. Kí òun tu ekùrọ́ sílẹ̀ fún èèrà? "Màmá, ẹ ṣeun," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ Ìrẹ̀ ni ó gbà lọ. Ìsàlẹ̀ igi ọsàn ni Ìrẹ̀ ń gbé, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà láìsan ohunkóhun.

"Àbúrò mi, ohùn rẹ dùn. Wọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì. Bí mo bá ti gbé dùùrù sẹ́nu, kí o kọ ọ́. Ìdajì àká ni tìrẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò ní gbé mi mì?"

"Èmi? Ṣé mo jọ ẹni tí ó ń jẹ kòkòrò ni?"

Ìrẹ̀ wo irùngbọ̀n Òkété. Ẹsẹ̀ tata kan ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì àká kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ó wọlé.

Ọjọ́ pé. Ẹfọ̀n fẹ́ dùùrù; gbogbo ewé ọsàn já, ohùn kò tẹ̀. Ìkookò fà á títí eṣinṣin kan fi bá èémí wọ ọ̀fun rẹ̀, ikọ́ ni ó fi parí orin. Òkété wá jáde, ó gbé dùùrù sẹ́nu, ó di ojú bí ẹni tí ń gbàdúrà. Ohùn bẹ̀rẹ̀ lókè, ó tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Erin bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ìkookò lọ.

"Ìyá mi o! Òkété, àká di tìrẹ!"

Ká ní ó rọra gbé Ìrẹ̀ lọ sílé kí wọ́n lọ pín ẹ̀pà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, n kì bá ní ìtàn kankan sọ. Òkété bẹ́ sínú àká. Ekùrọ́ tí kò lè tu dànù nítorí ẹ̀kọ́, ó tu ú dànù nítorí ẹ̀pà. Ó kó ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún títí ó fi kún. Ó wá ń kó o sí tòsì, lórí Ìrẹ̀.

Ni Erin bá pè é. "Òkété, jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò gbọ́ ọ."

Òkété jáde, orí rẹ̀ ti tóbi ju ara lọ. Ó gbé dùùrù sẹ́nu. "Kíín!" ni ó dún, bí ìgbà tí a tẹ ìrù ológbò mọ́lẹ̀. Ó gbá ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Kọ ọ́ dáadáa!"

"Ẹ kọ ọ́ fúnra yín!" ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dáhùn. "Ẹ̀pà ti fẹ́ pa mí! Ìdajì mi dà?"

Erin na etí méjèèjì.

"Ta ni ó sọ̀rọ̀ yẹn?" ni Erin bi í.

"Eyín mi ni, Bàbá. Ó ti ń dùn mí láti àná."

Ìyàwó Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín.

Erin fi ọwọ́jà rẹ̀ mú Òkété nírù, ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀pà ń rọ̀ bí òjò yìnyín. Ìrẹ̀ ni ó já bọ́ gbẹ̀yìn. Ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀, ó kí gbogbo ilé.

Ìyá Àdàbà fò wálẹ̀. "Òkété, ẹnu rẹ ṣófo wàyí. Fà á."

Kí ni ó kù tí yóò tún máa jiyàn sí? Ó fà á. Ahọ́n rí àyè sún sẹ́yìn. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ lókè, ó tẹ̀ wálẹ̀, kò tẹ̀ jù, kò sì kù díẹ̀. Ibi tí ìyá Erin máa ń gbé e dé gan-an ni ó dúró sí. Lọ́tẹ̀ yìí Erin kò sunkún. Ó dìde, ó sì ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, bí ọmọ tí wọ́n pè wálé.

Nígbà tí ó padà, Òkété ti ń wo àká.

"Bàbá, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ohùn náà pé."

"Ohùn pé," ni Erin wí, "ẹ̀tàn náà sì pé. Ìyá Àdàbà tí ó kọ́ ọ ni ó ni àká. Kí Ìrẹ̀ gba ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan, ìyà ti jẹ ẹ́ tó. Ìwọ, ṣọ́bìrì rẹ nìyí. Bí o bá kó ìgbẹ́ tán nírọ̀lẹ́, kí o wá fa ohùn ìyá mi fún mi. Kí ẹnu ṣófo o!"

Ẹ ò rí i pé ohun tí Òkété ń wá ọ̀nà àti jí, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ekùrọ́ ni kò jẹ́ kí ó jáde.

Ibi tí ìyá ìyá mi bá a dé nìyí, ibẹ̀ ni èmi náà fi í sí. Fọlárìn, ìwọ tí ò ń gbọ́ ìtàn yìí, gbé ẹ̀pà ẹnu rẹ mì, nu ètè rẹ, kí o wá fa dùùrù ọwọ́ rẹ yẹn kí n gbọ́.